Oúnjẹ aláboyún àti agbára ìrántí ọmọ

Hippocampus ni apá ọpọlọ tí iṣẹ́ ìrántí wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Inú oyún ló ti ń hù, ó sì máa ń yára dàgbà láti oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn oyún títí ọmọ yóò fi pé nǹkan bí ọdún méjì. Ohun tí ìyá ń jẹ lásìkò náà wà lára ohun tí ó fi ń dàgbà.

Èròjà oúnjẹ tí a ń pè ní iron ṣe pàtàkì, torí pé hippocampus tó ń dàgbà nílò agbára púpọ̀, iron sì wà lára ohun tí ara fi ń pèsè agbára náà. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Minnesota wo bí ọpọlọ àwọn ọmọ tuntun tí ìyá wọn ní àtọ̀gbẹ ṣe ń dáhùn sí ohùn. Àwọn tí iron ara wọn kéré kò fi hàn pé wọ́n mọ ohùn ìyá wọn yàtọ̀ sí ti àlejò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aláboyún máa lo iron mílígíráàmù 30 sí 60 lójúmọ́. Ẹ̀dọ̀, ẹran, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ní i nínú. Ti ẹran ni ara tètè ń gbà. Ìgbín náà ní i, bí ọ̀pọ̀ aláboyún nílẹ̀ Yorùbá tilẹ̀ ń yẹra fún un kí ọmọ má baà máa datọ́.

Àìtó èròjà áyódìn, tó ń fa gẹ̀gẹ̀, máa ń ba ọpọlọ ọmọ inú jẹ́ bí ó bá le. Iyọ̀ tí wọ́n fi áyódìn sí ló ń dín in kù.

Choline, èròjà oúnjẹ mìíràn, wà nínú ẹ̀dọ̀ àti pupa ẹyin, ẹyin tí àwọn àgbà kì í fẹ́ fún ọmọdé kí ó má baà di olè. Nínú ìwádìí lórí eku, àwọn ọmọ tí ìyá wọn jẹ choline púpọ̀ nígbà oyún rántí ọ̀nà dáadáa títí di ọjọ́ ogbó wọn. Ní Yunifásítì Cornell, ní 2018, àwọn ìkókó tí ìyá wọn gba mílígíráàmù 930 lójúmọ́ ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn oyún yára dáhùn sí ohun tí wọ́n rí ju àwọn tí ìyá wọn gba 480 lọ. Iye àwọn ìyá náà kò tó 30, nítorí náà ẹ̀rí ọ̀hún kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán.

Ti òróró ẹja kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ọsirélíà, àwọn ìyá tó lé ní 2,000 kópa nínú ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Mílígíráàmù 800 DHA, ìyẹn ọ̀rá inú òróró ẹja, tí wọ́n fún apá kan wọn lójúmọ́ kò mú ọpọlọ àwọn ọmọ wọn já fáfá ju ti àwọn yòókù lọ nígbà tí wọ́n pé oṣù 18.