Ìtàn Olóríta Ni, Kì í Ṣe Ìtàn Àṣàyàn

Ó ti sú mi. Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa géèmù orí kọ̀ǹpútà tí èèyàn ti ń jọba lórí ìlú, tó jẹ́ pé ohun tí ó bá yàn ni ìtàn ń tẹ̀ lé, "ìtàn àṣàyàn" ni yóò kọ. Ẹni tó bá ka Yorùbá níléèwé mọ ohun tí àṣàyàn jẹ́. Àṣàyàn ewì ni ewì tí olóòtú ti ṣà jọ fún wa. Iṣẹ́ yíyàn ti parí kí ìwé tó dọ́wọ́ òǹkàwé. Nínú géèmù yìí, ẹni tó ń gbá a ló ń yàn fúnra rẹ̀, lójú ẹsẹ̀, láìmọ ibi tí yóò já sí. Ọ̀rọ̀ yẹn gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni í, ó lọ gbé e fún olóòtú.

Àwọn mìíràn ní "ìtàn ẹlẹ́ka". Èyí sàn díẹ̀, àmọ́ irọ́ ló ń pa nípa bí wọ́n ṣe ń kọ géèmù. Ẹ̀ka igi tó bá ti yà, ó yà nìyẹn, kì í padà wá so mọ́ èkejì rẹ̀. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ ni, apá òǹkọ̀wé kò ní ká a láé: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá péré, òpin ìtàn ti di 1,024. Bó bá di ìgbà ogún, ó ti ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ìtàn olóríta ni mo ń pè é, n kò sì ní yí i padà. Ẹ wo àwọn méjì tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Ọ̀kan gba Ṣágámù, èkejì gba Abẹ́òkúta. Èkó náà ni àwọn méjèèjì dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba Abẹ́òkúta ti ra àdìrẹ lọ́nà, owó ti tán lápò rẹ̀, ilẹ̀ sì ti ṣú mọ́ ọn. Èkejì wọ̀lú lọ́sàn-án, owó rẹ̀ pé. Ìlú kan náà ni wọ́n wọ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni yóò sọ ibi tí oníkálukú máa sùn. Bí géèmù wọ̀nyí ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọ̀nà ń yà, ọ̀nà ń pàdé, kọ̀ǹpútà sì ń kọ ohun tí o gbé dání sílẹ̀.

Ẹ mú géèmù Reigns, tí ilé-iṣẹ́ Nerial ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe jáde ní 2016. Káàdì kan yóò yọ, ẹnì kan ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọba. O fà á sósì tàbí sọ́tùn-ún, ó parí. Ohun mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà ń ṣọ́: ìjọ, aráàlú, ọmọ ogun àti àpò ìṣúra. Èyí tó bá gbẹ nínú wọn, ìjọba rẹ ti dópin. Èyí tó bá kún dẹ́nu náà, ìjọba rẹ ti dópin (mo fẹ́ràn èyí gan-an), àrólé á sì gorí ìtẹ́. Káàdì kan náà lè yọ sí ọba tí àpò rẹ̀ gbẹ àti ọba tí tirẹ̀ kún. Ewu tó wà nínú rẹ̀ fún wọn kò dọ́gba. Ẹ̀ka wo ló fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn?

Suzerain, tí Torpor Games ní Berlin ṣe ní 2020, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ nínú tirẹ̀. Ìwọ ni Anton Rayne, ààrẹ Sordland, orílẹ̀-èdè tí wọ́n fi orí ara wọn dá. Kò sẹ́ni tó ń gbá a tí kò ní jókòó sípàdé pẹ̀lú àwọn mínísítà, kò sì sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ àtúnṣe ìwé òfin kò ní bá. Ìlérí tí o ti ṣe àti ẹni tí o ti ṣẹ̀ ni ìwọ yóò gbé débẹ̀. Bóyá ọba ni ọ́ tàbí ààrẹ, iṣẹ́ kan náà ni, n kò ní fi ìyẹn gba àkókò wa.

Àwọn kan ní oríta ń rán àwọn létí ẹbọ. Oríta náà ni a ti ń ra àkàrà, ibẹ̀ ni ọlọ́kadà ń dúró sí. Ṣé ká wá pa ọ̀rọ̀ tó pé tì nítorí pé Èṣù náà mọ ibẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ máa sọ ìkóríta, kó máa sọ ọ́, n kò bá a jà.

Irú géèmù yìí kì í sì í ṣe tuntun. Ní 1964, Mabel Addis, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ New York, bá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ṣiṣẹ́ lórí géèmù The Sumerian Game. Ọmọ iléèwé á di ọba Lagash, ìlú kan ní Sumer, ilẹ̀ àtijọ́ tó wà níbi tí Iraq wà lónìí. Ẹ̀rọ á tẹ ìròyìn sórí bébà, ọmọ náà á dáhùn: iye ọkà tí yóò fi bọ́ aráàlú, iye tí yóò gbìn, iye tí yóò tọ́jú. Ní ìkórè tó tẹ̀ lé e, ìbéèrè kan náà ni ẹ̀rọ tún máa bi gbogbo wọn, iye ọkà tó kù nínú àká oníkálukú ló yàtọ̀.