Iṣẹ́ Ọwọ́ Ọjọ́ Olólùfẹ́ Tí Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi Lè Ṣe

Iṣẹ́ ọwọ́ tó yẹ ọmọ ọdún 3 sí 5 fún Ọjọ́ Olólùfẹ́, ìyẹn ọjọ́ 14 oṣù Kejì, kì í ju ìgbésẹ̀ 3 lọ. Bó bá ti lé ní bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà ni yóò ṣe é parí, ọmọ á kàn máa wòran. Kí ọmọ tó jókòó ni kí àgbàlagbà ti ya gbogbo ìlà, kí ó ti bu gọ́ọ̀mù, kí ó sì ti tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí tábìlì. Èyí tó kù fún ọmọ ni gígé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, lílẹ nǹkan mọ́ra, títẹ ọ̀dà àti kíkùn. Àwọn náà ni ọmọdé sì fẹ́ràn jù.

Àwòrán ọkàn ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀, gígé rẹ̀ ló sì máa ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ṣìbáṣìbo. Ẹ ṣẹ́ ìwé po sí méjì kí etí rẹ̀ bára mu. Ojú ibi tó ti ṣẹ́ po ni kí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí orí ìwé. Ìlà náà á kọ́kọ́ gòkè, á yí po síta bí etí èèyàn, á wá sọ̀ kalẹ̀ tààrà títí tí yóò fi padà kan ojú ìṣẹ́po nísàlẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan di ojú ìṣẹ́po mú bí ẹ ti ń gé e. Ẹni tó bá ya tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó là, ìlàjì ọkàn méjì tó ti já kúrò lára wọn ni yóò bá lọ́wọ́. Bí ìlà ìsàlẹ̀ bá sì tẹ̀ síta jù, ọkàn náà kò ní ní ṣóńṣó.

Gígé ọkàn kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ọdún 3. Ọmọ ọdún 4 lè tọ ìlà tó gún. Ìlà tó yí po máa ń dúró di bí ọdún 5. Ohun tí ọmọ ọdún 3 lè ṣe ni kó fún sísọ́ọ̀sì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí nǹkan já. Nítorí náà, ẹ gé ìwé pupa, funfun àti píǹkì ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kí fífẹ̀ rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, kí ọmọ wá gé e sí wẹ́wẹ́. Sísọ́ọ̀sì tí orí rẹ̀ kò ṣóńṣó ni kó lò, kí àtàńpàkò rẹ̀ wà lókè. Bí ó bá ń tọ ìlà, ìwé ni kó máa yí, kì í ṣe sísọ́ọ̀sì. Ọmọ tó bá ń lo ọwọ́ òsì nílò sísọ́ọ̀sì ọlọ́wọ́ òsì, torí pé bí ó bá fi ọwọ́ òsì fún ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ṣe ni ojú irin méjèèjì máa ń yàgò fún ara wọn, ìwé á kàn ṣẹ́ sáàárín wọn láì gé. Ẹ má bá a wí pé kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìwé wẹ́wẹ́ yẹn ni a ó lẹ̀ mọ́ ọkàn ńlá tí a fi páálí gé. Orí ọkàn ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun gọ́ọ̀mù sí, kì í ṣe ara ìwé wẹ́wẹ́. Bí gọ́ọ̀mù bá wà lára ìwé, ìka ọmọ ni yóò lẹ̀ mọ́, inú á sì bí i. Gọ́ọ̀mù funfun tó kún ìdérí ìgò kan tó fún ọmọ kan. Bó bá pọ̀ jù, omi inú rẹ̀ á rin ìwé, ọkàn náà á sì ká kò tó bá gbẹ.

Fún fífi ọ̀dà tẹ àwòrán ọkàn sórí ìwé, páálí róbótó tó máa ń wà láàárín tíṣù ló dára jù. Ẹ fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wọnú gbọọrọ dé ìdajì, ẹ fún ẹ̀gbẹ́ kejì pọ̀ kó ní ṣóńṣó, kí ẹ wá fi téèpù dì í yíká lójú méjì. Ẹ da ọ̀dà tó ki sínú àwo pẹrẹsẹ, kó fẹ́lẹ́. Bí ó bá jìn, ọ̀dà á ṣàn, kò ní sí ìlà kankan tí a ó rí. Ẹ tẹ́ aṣọ tàbí ìwé ìròyìn mélòó kan sábẹ́ ìwé tí ẹ fẹ́ tẹ̀, torí ẹnu páálí kì í sábà dọ́gba, ibi tó rọ̀ ló ń jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ kàn án. Ọmọ á fẹ́ máa fa páálí náà lórí ìwé. Ẹ máa kọ ọ́ lórin fún un: “Tẹ̀ ẹ́, gbé e!” Ẹ ṣe tó páálí 3 sílẹ̀, nítorí pé omi ọ̀dà máa ń rọ ẹnu rẹ̀ láìpẹ́.

Káàdì ọlọ́wọ́ méjì tún wà. Ẹ ṣẹ́ páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ po, kí ọmọ gbé ọwọ́ lé e, kí orí àtàńpàkò àti orí ìka ìlábẹ̀ yọ kọjá ojú ìṣẹ́po díẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù tọ ọwọ́ náà yíká. Àgbàlagbà ni yóò gé e, kò sì gbọdọ̀ fi sísọ́ọ̀sì kan ibi méjèèjì tí ìka ti kan ojú ìṣẹ́po. Tí a bá ṣí i, ọwọ́ méjì á di ara wọn mú, àlàfo àárín wọn á sì jẹ́ ọkàn. Bí ìka kò bá dé ojú ìṣẹ́po, ọwọ́ méjèèjì á já sọ́tọ̀.

Èyí tó yá jù ni ká fi àbẹ́là funfun ya ọkàn sórí ìwé funfun, kí ọmọ wá fi ọ̀dà olómi kùn ún. Omi kì í ràn mọ́ àbẹ́là, ọkàn á yọ ní funfun. Ẹ tẹ àbẹ́là náà mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ìlẹ̀kẹ̀ àti bọ́tìnì kò yẹ fún ọmọ tó ṣì ń ki nǹkan bọ ẹnu. Ohunkóhun tó bá lè gba inú páálí tíṣù kọjá lè há sí i lọ́fun.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ọmọ sẹ́yìn ìwé, torí iṣẹ́ tó bá ti tutù kò ṣeé dojú dé. Orí ilẹ̀ tó tẹ́ ni kó ti gbẹ. Ọ̀dà á máa ṣàn lára èyí tí a bá fi kọ́.