Lẹ́tà "A Ò Ní San Kọ́bọ̀" Tí Ẹ Ò Gbọdọ̀ Sọ Nù

Ìyá kan gbé lẹ́tà sórí tábìlì mi ní London. Ó ti fi ìbínú fà á ya sí méjì, ó sì ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ padà.

"Ọmọ mi, ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń wẹ ẹ̀gbọ́n mi, tí mo ń bọ́ ọ. Mo pé ẹni ọdún 66, wọ́n ní Carer's Allowance ti tán. Àbí ẹ̀gbọ́n mi ti dìde ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rín.

Lójú òfin ìlú ọba, Carer's Allowance (owó tí ìjọba ń san fún ẹni tó ń tọ́jú aláìlera) àti State Pension (owó ìfẹ̀yìntì ìjọba) jọ dípò owó iṣẹ́ ni, ìjọba kì í sì í san méjèèjì pọ̀ ní ẹ̀kún. £83.30 lọ́sẹ̀ ni Carer's Allowance ní ọdún ìnáwó 2025 sí 2026; ti ọdún yẹn náà ni gbogbo iye owó ọ̀sẹ̀ tí mo máa dárúkọ níhìn-ín. Tí owó ìfẹ̀yìntì yín bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á dá a dúró. Tí kò bá tó o, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á san.

Àmọ́ ẹ̀tọ́ yín ò kú. Owó rẹ̀ nìkan ni wọn ò san, ohun tí lẹ́tà tí ìyá yìí fà ya sì wí gan-an nìyẹn. Òun lẹ máa mú lọ bá àwọn Pension Credit, ìyẹn owó tí ìjọba fi ń kún ti àgbàlagbà tí owó tó ń wọlé fún un kò tó. Ìjọba ní owó ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tó sì ń dá gbé ò gbọdọ̀ dín ní £227.10 lọ́sẹ̀. Nítorí pé ẹ jẹ́ olùtọ́jú, wọ́n á fi £46.40 lé e, ó di £273.50. State Pension tuntun tó pé pérépéré jẹ́ £230.25. Ẹni tí wọ́n ti dá padà tẹ́lẹ̀ nítorí pé owó rẹ̀ fi £3.15 lásán ju £227.10 lọ lè wá máa gba £43.25 lọ́sẹ̀, bí owó mìíràn kò bá wọlé fún un, tí owó tó fi pa mọ́ kò sì ju £10,000 lọ.

Àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ló ń pàdánù jù. Wọ́n á ní, "Ṣebí wọn ò ní fún mi, fọ́ọ̀mù kí ni mo fẹ́ kọ?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ fọ́ọ̀mù Carer's Allowance náà. Kò sí ọjọ́ orí tó pọ̀ jù. Kí ìtọ́jú yín ti tó wákàtí 35 lọ́sẹ̀, kí ẹni tí ẹ ń tọ́jú sì máa gba Attendance Allowance (owó tí ìjọba ń fún àgbàlagbà tó nílò ìtọ́jú) tàbí irú rẹ̀. Àfi ẹni tí físà rẹ̀ kò gbà láyè láti gba owó ìrànwọ́: kí ó kọ́kọ́ rí lọ́yà.

Mo wá bi ìyá náà bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dá gbé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ń san Carer's Allowance fún àbúrò, ẹ̀gbọ́n ò lè gba àfikún £82.90 tí Pension Credit máa ń fún aláìlera tó ń dá gbé. Ní báyìí tí wọn ò san án mọ́, ẹ̀gbọ́n náà lè béèrè tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni lẹ́tà yẹn ti wà nínú dúrọ́ọ̀. Pension Credit lè padà sẹ́yìn dé oṣù mẹ́ta, nítorí náà kò tíì pàdánù nǹkan kan.