Èérún gíláàsì lára ìlẹ̀kẹ̀ ojú iná

Èérún gíláàsì ni gíláàsì aláwọ̀ tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ó lè kúná bí èlùbọ́, ó sì lè rí hóró-hóró bí iyọ̀ òkúta. Frit ni àwọn oníṣẹ́ gíláàsì káàkiri ayé ń pè é. Wọ́n ń lò ó lára ìlẹ̀kẹ̀ ojú iná, ìyẹn ìlẹ̀kẹ̀ tí a ń fi ọwọ́ ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: a ó yọ́ ọ̀pá gíláàsì lórí iná gáàsì, a ó wé e mọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́, a ó yí i nínú èérún nígbà tó ṣì gbóná, iná á sì yọ́ èérún náà mọ́ ọn lára. Láyé àtijọ́, iná fìtílà elépo ni àwọn oníṣẹ́ Yúróòpù ń lò, wọ́n á fi ẹwìrì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí ó lè mú gan-an. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fìtílà fi wà lára iṣẹ́ yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì (lampwork) títí dòní.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kán àmì sí ara ìlẹ̀kẹ̀ ní láti kán an ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èérún ń gbé ọgọ́rùn-ún àmì sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ara ìlẹ̀kẹ̀ á sì rí bí ìyẹ́ ẹyẹ awó. Èyí ló jẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tètè fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èérún yàtọ̀ sí ọ̀dà tí a kàn ń kùn. Gíláàsì lòun náà. Ooru ń mú un fẹ̀, ìtutù ń mú un súnkì, bẹ́ẹ̀ náà ni ìlẹ̀kẹ̀ tó lẹ̀ mọ́. Bí àwọn méjèèjì kò bá súnkì dọ́gba, ìlẹ̀kẹ̀ á sán.

Bí a ṣe ń fọ́ ọ

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń ra èérún tí wọ́n ti fọ́, tí wọ́n sì ti sẹ́. Ilé iṣẹ́ Bullseye tó wà ní ìlú Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ń pín tirẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin: lẹ́búlẹ́bú tí hóró rẹ̀ kò tó 0.2 mm, èyí tó kéré, láti 0.2 sí 1.2 mm, èyí tó wà láàárín, tó dé 2.7 mm, àti èyí tó tóbi, tó dé 5.2 mm. Fún ìlẹ̀kẹ̀ tí kò ju orí ìka lọ, èyí tó tóbi yẹn ti pọ̀ jù. Lẹ́búlẹ́bú àti èyí tó kéré ló wúlò jù fún onílẹ̀kẹ̀.

A lè fọ́ ọ nílé pẹ̀lú. A ó mú orí ọ̀pá gíláàsì gbóná títí yóò fi pọ́n, a ó sì tì í bọ inú abọ́ omi tútù. Omi á hó ṣàà, gíláàsì á sì sán káàkiri inú ara rẹ̀ láìtíì fọ́nká. Tó bá ti gbẹ, gígún díẹ̀ nínú odó irin ti tó o. Odó irin yìí ní wàhálà tirẹ̀: ọmọ odó a máa ha irin wẹ́wẹ́ sínú èérún, irin náà á sì di àmì dúdú lára ìlẹ̀kẹ̀. Nítorí náà, òòfà ni a máa ń gbé kọjá lórí èérún kí ó lè fa irin náà jáde, kí a tó fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ sẹ́ ẹ. Àwọ̀ kan pẹ̀lú kọ̀ǹkọ̀sọ̀ kan ló dára, tàbí kí a fọ kọ̀ǹkọ̀sọ̀ náà dáadáa kí àwọ̀ mìíràn tó wọ inú rẹ̀, torí hóró pupa mẹ́ta péré tó bá wọ inú funfun ti bà á jẹ́.

Lójú iná

A lè fi ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Irin tí kì í dógùn-ún, tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2.4 mm, ni a ó wé gíláàsì mọ́. A ti rì í bọ inú amọ̀ olómi tẹ́lẹ̀, amọ̀ náà sì ti gbẹ mọ́ ọn. Amọ̀ yìí ni kò ní jẹ́ kí gíláàsì gbá irin mú, ibi tí irin sì wà ni yóò di ihò ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀pá gíláàsì àwọ̀ eyín erin ni ìpìlẹ̀. Etí iná, níbi tí ooru kò ti le, ni a kọ́kọ́ máa ń gbé orí ọ̀pá náà sí, nítorí gíláàsì tutù tó bá já sí àárín iná lójijì á ta pàrà-pàrà. Nígbà tó bá yọ́ bí oyin, a ó máa yí irin, gíláàsì á sì máa wé mọ́ ọn títí yóò fi di róbótó.

Èérún turquoise, ìyẹn búlúù tó ń fà sí àwọ̀ ewé, ti wà nínú àwo irin pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. A ó jẹ́ kí ojú ìlẹ̀kẹ̀ pọ́n, a ó yọ ọ́ nínú iná, a ó sì yí i lórí èérún lójú ẹsẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Bí kò bá gbóná tó, hóró díẹ̀ ló máa lẹ̀. Bó bá gbóná jù, ó ti rọ̀ jù, á sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí a bá dá a padà, a kì í tì í wọ àárín iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí èérún ti tutù ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ, hóró tó bá sì gbóná lójijì a máa ta kúrò bí gúgúrú. Ọ̀nà jíjìn ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa yí irin láìdúró.

Àtibẹ̀ lọ, oníṣẹ́ ló mọ ibi tí yóò dúró. Bó bá tètè yọ ọ́, hóró á lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á ṣì rí ṣákaṣàka bí iyanrìn. Bó bá dúró díẹ̀ sí i, hóró á di òkìtì kéékèèké tí ìka ń mọ̀ bí a bá fọwọ́ pa á. Bó bá dúró títí, gbogbo rẹ̀ á rì wọlé, ojú ìlẹ̀kẹ̀ á sì jọ̀lọ̀. Hóró kọ̀ọ̀kan ń tàn kálẹ̀ bó ṣe ń yọ́, torí náà ẹni tó bá fi èérún bo ìlẹ̀kẹ̀ pátápátá kò ní rí àmì kankan mọ́ nígbẹ̀yìn, àwọ̀ á kàn pòpọ̀ ni. Àlàfo tí a fi sílẹ̀ ni àmì fi ń hàn.

Lára ìlẹ̀kẹ̀ tí a ń sọ yìí, nígbà tí turquoise bá ti rì wọlé, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń yọ yí hóró kọ̀ọ̀kan ká, bí ìgbà tí èèyàn lé tìróò. Kò sí ẹni tó fà á. Imí-ọjọ́ tó wà nínú gíláàsì àwọ̀ eyín erin ló pàdé bàbà tó fún turquoise ní àwọ̀ rẹ̀, àpapọ̀ àwọn méjèèjì ló sì dúdú bẹ́ẹ̀. Irú nǹkan báyìí wà lára ohun tó dùn jù nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá sì mọ èròjà tó wà nínú gíláàsì rẹ̀ lè fi ṣe ọnà tí ọwọ́ kò lè fà.

A tún lè fi gíláàsì tó mọ́ gaara bo èérún náà. Àmì á wá dà bí ohun tó léfòó sínú omi. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá níbẹ̀. Bí ojú èérún kò bá tíì jọ̀lọ̀ kí a tó bò ó, ìfófòó á há sí abẹ́ gíláàsì náà, kò sì ní jáde mọ́. Àwọn mìíràn ń fi ṣóńṣó irin fa èérún tó ti yọ́ sí òkè àti ìsàlẹ̀, àmì á sì gùn bí ewé.

Nọ́ńbà 104 àti àwọn yòókù

Gíláàsì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ń fẹ̀ tó nínú ooru. Gíláàsì Effetre láti Murano, erékùṣù kan lẹ́bàá ìlú Fẹ́nísì ní Ítálì, tí ọ̀pọ̀ onílẹ̀kẹ̀ ń lò, jẹ́ 104. Ti Bullseye jẹ́ 90. Gíláàsì borosilicate, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ohun èlò yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, jẹ́ 33. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí: ọ̀pá gíláàsì 104 tó gùn ní mítà kan á fi díẹ̀ ju mìlímítà kan lọ gùn sí i bí ooru rẹ̀ bá fi 100 °C gòkè. Ọ̀pá borosilicate tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò ní fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta mìlímítà lọ. Bí a bá yọ́ àwọn méjèèjì pọ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ọ̀kan á máa fa èkejì títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi já.

Ìyàtọ̀ kékeré ṣeé fara dà. Àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ Reichenbach àti Kugler ń ṣe ní Jámánì wà fún àwọn tó ń fẹ́ gíláàsì lẹ́nu, nọ́ńbà wọn sì súnmọ́ 96, síbẹ̀ àwọn onílẹ̀kẹ̀ ń fi èérún wọn sára gíláàsì 104 láti ọjọ́ pípẹ́. Bí èérún náà bá kéré, tó sì fọ́nká, ìlẹ̀kẹ̀ sábà máa ń dúró. Bó bá nípọn, tàbí tó di ìdì kan sí ojú kan, ewu wà. Nọ́ńbà yìí nìkan kò sì tó. Gíláàsì méjì lè ní nọ́ńbà kan náà kí ọ̀kan le ju èkejì lọ lójú iná, kí ìyẹn sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ìdánwò ló dájú jù: kí a ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kan, kí a jẹ́ kó tutù bó ṣe yẹ, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí a tó ta irú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kì í ṣe gbogbo ìsán ló ń hàn lọ́jọ́ kìíní.

Èérún tó ní fàdákà nínú

Àwọn gíláàsì kan ní fàdákà nínú, èérún wọn sì ń yí àwọ̀ padà lójú iná. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni Iris Orange ti Reichenbach, tí àwọn onílẹ̀kẹ̀ ń pè ní raku. Nínú àpò, kò dá yàtọ̀ sí èérún mìíràn. Tí a bá yọ́ ọ, tí a jẹ́ kó tutù díẹ̀, tí a tún dá a padà sínú iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àwọ̀ àlùkò, búlúù, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára hóró kan ṣoṣo. Iná tó pọ̀ jù á tún gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Irú mìíràn nílò iná tí ọ́síjìn inú rẹ̀ kò pọ̀. A ó dín ọ́síjìn kù títí ojú iná yóò fi rọ̀, tí yóò sì pupa rúsúrúsú, a ó sì gbé ìlẹ̀kẹ̀ sí i fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Fàdákà á sún wá sí ojú gíláàsì, á sì máa kọ mànà bí irin tí a fi epo nù.

Ìtutù

Ìlẹ̀kẹ̀ tó bá kúrò lójú iná tó lọ sórí tábìlì á sán. Òde rẹ̀ á ti le nígbà tí inú rẹ̀ ṣì ń súnkì. Ààrò oníná mànàmáná ni ó yẹ kí ó bọ́ sí. Fún gíláàsì 104, nǹkan bí 510 sí 520 °C ni a ń gbé ààrò náà sí. Ìlẹ̀kẹ̀ á dúró níbẹ̀ kí ooru inú àti tòde lè dọ́gba, ààrò á sì máa tutù díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Àwọn tí kò ní ààrò ń tì í bọ inú vermiculite tó gbóná, ìyẹn òkúta wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́, tí kì í jẹ́ kí ooru tètè jáde. Ìyẹn ń dín sísán kù lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dípò ààrò.

Ní ìgbà àtijọ́, àti ní Áfíríkà

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Àwọn ará Íjíbítì ti ń fi èérún gíláàsì aláwọ̀ ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ní ayé Ìjọba Tuntun, ní ohun tó lé ní 3,000 ọdún sẹ́yìn. Ní ọ̀rúndún kìíní, àwọn oníṣẹ́ Róòmù a máa yí gíláàsì gbígbóná lórí èérún kí wọ́n tó fẹ́ ẹ di ìgò, èérún náà á sì gbòòrò bí ìgò ṣe ń gbòòrò. Ní Fẹ́nísì, tí ìjọba rẹ̀ kó àwọn ilé iná gíláàsì lọ sí erékùṣù Murano ní 1291, àwọn onílẹ̀kẹ̀ lo èérún àti avventurina tí wọ́n fọ́, ìyẹn gíláàsì tí bàbà wẹ́wẹ́ ń dán nínú rẹ̀ bí wúrà. Púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ Fẹ́nísì ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ọkọ̀ òkun gbé wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fún òwò.

Ilẹ̀ Áfíríkà náà ní iṣẹ́ gíláàsì fífọ́ tirẹ̀, èyí tí kò nílò ọ̀pá gíláàsì rárá. Ní Kiffa, ní Móritáníà, àwọn obìnrin ń gún gíláàsì di lẹ́búlẹ́bú, wọ́n ń fi itọ́ tàbí oje igi pò ó, wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ ya ọnà aláwọ̀ sí ara ìlẹ̀kẹ̀ kí wọ́n tó sun ún nínú páànù sàdíìnì lórí iná. Sùúrù tó wà nínú iṣẹ́ yẹn kọjá ti ojú iná gáàsì. Àwọn Krobo ní Odumase, ní Gánà, ń da gíláàsì tí wọ́n gún sínú ìkòkò amọ̀ oníhò, wọ́n ń ki igi ewé ẹ̀gẹ́ bọ àárín rẹ̀, igi náà á jóná, á sì fi ihò sílẹ̀.

Ti Ilé-Ifẹ̀ yàtọ̀ sí gbogbo èyí, ó sì yẹ kí a yà á sọ́tọ̀. Ní Igbó Olókun, awalẹ̀pìtàn Abidemi Babalola àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì. Gíláàsì náà, tí wọ́n ṣe ní Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ kí Òyìnbó tó dé etíkun wa, ni wọ́n fà gùn bí okùn oníhò tí wọ́n sì gé. A kò gbọdọ̀ pè é ní iṣẹ́ èérún. Ní Bida, àwọn Masaga ilẹ̀ Nupe ń yọ́ ìgò lórí iná tí ẹwìrì ń fẹ́, wọ́n ń wé e mọ́ irin, èyí tó súnmọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ojú iná gan-an, àfi pé okùn gíláàsì aláwọ̀ mìíràn ni wọ́n fi ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Eruku àti ojú

Lẹ́búlẹ́bú gíláàsì fúyẹ́, ó sì ń fò. Kò yẹ kí ó wọ ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá ti àwọ̀ ìyeyè, ọsàn àti pupa, nítorí cadmium, irin olóró kan, wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ìbomú tó ń dá eruku dúró ṣe pàtàkì, aṣọ tútù ni a sì fi ń nu tábìlì. A kì í fi ìgbálẹ̀ gbẹ gbá a. Gíláàsì tó ń yọ́ tún máa ń tan ìmọ́lẹ̀ ìyeyè tó mú, èyí tó wá láti ara sodium inú rẹ̀. Awò didymium ń gba ìmọ́lẹ̀ yìí kúrò, oníṣẹ́ á sì lè rí ibi tí èérún rẹ̀ yọ́ dé.

Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ bá tutù tán, a ó rì í sínú omi, a ó sì yí i kúrò lára irin. Amọ̀ á ṣì kù sínú ihò. Abẹ́ omi ni a ti ń ha án jáde, kí eruku rẹ̀ má bàa dìde.