Ohùn inú ère onírédíò kì í ṣe ti àlùjọ̀nnú

Wọ́n tún ti ń sọ ọ́ kiri Ìlọrin. Oníṣẹ́ ọnà to rédíò àlòkù àti spíkà jọ di ère, ó tan án, ariwo bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó parí: àlùjọ̀nnú ló ń sọ̀rọ̀, tàbí àwọn kan ló ń fi ère náà ṣọ́ àdúgbò. Ní Gúúsù Kwara níbí, wọ́n ṣì ń pìtàn pé èèyàn ló di ère Èsìẹ́, èyí tó lé ní 1,000, tí wọ́n gbẹ́ láti inú òkúta rírọ̀ tí ọ̀bẹ lè fá. Kò yani lẹ́nu pé a tètè gbà pé ère lè sọ̀rọ̀.

Ti ṣíṣọ́ kò gba àríyànjiyàn: rédíò ń gba ohùn wọlé ni, kì í fi tiwa ránṣẹ́. Irú ère yìí kì í sì í ṣe awo. Cildo Meireles, ọmọ Brazil, to nǹkan bí 800 rédíò sókè bí ilé gogoro nínú Babel (2001). Emeka Ogboh tiwa gba ariwo Ọjà Balógun l'Ékòó sílẹ̀, ó sì de spíkà mọ́ tíréè aláwọ̀ mèremère tí àwọn ọlọ́jà fi ń pàtẹ.

Ohun tó ń rú wọn lójú ni pé wọ́n ti pa rédíò, amplifáyà nìkan ló kù, síbẹ̀ ohùn ń jáde. Inú wáyà ni ìdí rẹ̀ wà. Wáyà tó gùn tó mítà 10 ti di ẹ́ríà tó ń gba ìgbì rédíò. Bí ojú lẹ́ẹ̀dì kan bá dípẹtà tàbí tí kò jó dáadáa, á máa ṣiṣẹ́ dáyóòdù (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná kọjá sí apá kan ṣoṣo), ohùn ilé iṣẹ́ AM tó lágbára á sì yọ láìsí ẹni tó yí nǹkan kan. FM kì í sábà yọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gé wáyà kúrú, ẹ tún ojú náà jó, ẹ lo wáyà tí wọ́n fi àwọ̀n kópà wé sí ibi àbáwọlé, kí ẹ sì so kapásítọ̀ 100 pF (ẹ̀yà kékeré tó máa darí ìgbì rédíò náà sílẹ̀) láàrin àbáwọlé náà àti ẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó ṣí amplifáyà, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ dúró díẹ̀, torí kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ ń pa iná mọ́, ó sì lè gbé èèyàn.

Òru ni ó sábà ń ṣẹlẹ̀, òru sì ni ẹ̀rù ń bà wọ́n jù. Lọ́sàn-án, ìpele òfuurufú kan ní nǹkan bíi kìlómítà 60 sí 90 lókè máa ń gbé ìgbì AM mì. Bí oòrùn bá wọ̀, ìpele náà á pòórá, ìgbì á kan ìpele tó wà lókè rẹ̀, á padà sílẹ̀ lọ́nà jíjìn. Faransé lè ti orílẹ̀-èdè Benin dé Ìlọrin báyìí.

Orúkọ tí ẹni náà gbọ́ wá ńkọ́? Ibí ni kí a dúró sí, torí ibí ni wọ́n kì í fẹ́ gbà. Nínú ariwo, s, ṣ àti f ló kọ́kọ́ ń sọnù. Fáwẹ́ẹ̀lì àti ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló máa ń ṣẹ́ kù. Ti gángan kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ohùn nìkan ló ní. Ẹ ní kí onílù lu ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òjò ni? Ìyà ni? Ọ̀nà ni? Kò sí ẹni tó lè dá a mọ̀, àfi bí gbólóhùn tó yí i ká bá tọ́ka sí i. Ìdí nìyí tí onílù fi ń lo oríkì gígùn tí gbogbo wa ti mọ̀. Nínú ariwo rédíò, kò sí oríkì. Etí á mú èyí tó mọ̀ jù, kò sì sí èyí tó mọ̀ tó orúkọ ẹni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Sweden ní 1959: ayàwòrán kan, Friedrich Jürgenson, ń gba ohùn ẹyẹ sílẹ̀, ó ní òun gbọ́ òkú nínú rẹ̀.

Ẹ dán an wò. Ẹ gba ìṣẹ́jú-àáyá 20 sílẹ̀, kí èèyàn márùn-ún gbọ́ ọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí kálukú kọ ohun tó gbọ́ sórí ìwé. Kí ẹ má sọ nǹkan kan fún wọn. Bí ìwé márààrún bá bá ara wọn mu, a lè tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Mi ò sọ pé kò sí àlùjọ̀nnú. Kùránì dárúkọ wọn. Mi ò sì sọ pé kò sí ohùn ìkọ̀kọ̀ lórí afẹ́fẹ́: àwọn amí ọmọ Cuba tí wọ́n mú ní Amẹ́ríkà ní 1998 ń gba ìròyìn nípasẹ̀ nọ́ńbà tí wọ́n ń kà lórí rédíò. Ohun tí mò ń sọ ni pé ariwo yìí kò tíì jẹ́ ẹ̀rí fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí wọ́n bá fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí ẹ tó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.