Ìró tó ń sọnù láàárín: bí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ṣe ń kọ́ láti wọn ìfúnpá

PTS (Preliminary Training School) ni wọ́n ń pe oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà. Anatomy, ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe tò, wà níbẹ̀, kẹ́mísírì wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àrùn àti oúnjẹ aṣaralóore náà wà níbẹ̀. Ará ìta rò pé gbogbo rẹ̀ kò ju kí èèyàn há orúkọ eegun 206 sórí lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Etí àti ìka ọwọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ tó gba sùúrù jù nínú oṣù mẹ́fà náà, inú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní vital signs, àwọn àmì tó ń fi bí ara ṣe wà hàn, ló sì wà.

Ìgbóná ara, lílù iṣan ọwọ́ àti mímí kì í pẹ́ yé èèyàn. Ẹ̀tàn kékeré kan péré ló wà nínú mímí: a kì í sọ fún aláìsàn pé a ń ka èémí rẹ̀, torí ẹni tó bá ti mọ̀ yóò yí i padà láìmọ̀ọ́mọ̀. Nọ́ọ̀sì á fi ìka sílẹ̀ lórí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ṣì ń ka lílù iṣan, ojú rẹ̀ á sì wà ní àyà aláìsàn. Inú wíwọn ìfúnpá, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan, ni iṣẹ́ gidi wà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹ̀rọ ló ń wọn ìfúnpá, èrò yìí sì ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ni kàn ń sọ bí afẹ́fẹ́ inú kọ́ọ̀fù, aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá, ṣe le tó ni. Etí nọ́ọ̀sì ló ń sọ ìgbà tó yẹ kí a ka ojú rẹ̀. Nígbà tí Riva-Rocci, dókítà ará Ítálì, gbé kọ́ọ̀fù tirẹ̀ jáde ní 1896, ìka ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ padà dé ọrùn ọwọ́, nítorí náà nọ́ńbà òkè nìkan (bíi 120 nínú 120/80) ni wọ́n ń rí. Ní 1905 ni Korotkov, oníṣẹ́ abẹ ará Rọ́ṣíà, fetí sí iṣan fúnra rẹ̀, tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ náà fi hàn.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn geere kì í pariwo. Ẹ wo rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò: bí omi bá ń gba inú rẹ̀ kọjá fàlàlà, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Bí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa, omi dúró, ó dákẹ́. Bí ẹ bá wá rọra gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, omi á máa fipá kọjá, rọ́bà á máa gbọ̀n, á máa dún. Ẹ tún gbé ẹsẹ̀ sí i, ó tún dákẹ́. Kọ́ọ̀fù ni ẹsẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ọkàn kì í da ẹ̀jẹ̀ gbọọrọ bí ẹ̀rọ omi, ìkọ̀ọ̀kan ló ń tì í, ìdí nìyẹn tí etí fi ń gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀. Kọ̀ àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà òkè, ibi tí gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́ ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀.

Lára àwọn àgbà kan tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, tí iṣan wọn ti le, ìró náà lè bẹ̀rẹ̀ ní 190, kó sọnù ní 170, kó tún padà ní 150. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fún rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú kọ́ọ̀fù dé 160 péré, inú ìdákẹ́ yẹn gan-an ló bọ́ sí. Kọ̀ tó gbọ́ ní 150 á dà bí àkọ́kọ́ létí rẹ̀, á kọ 150, aláìsàn tó wà nínú ewu á sì dà bí ẹni tí ara rẹ̀ kò burú púpọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ rọrùn, ó sì mọ́gbọ́n wá. Kí stethoscope, ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró inú ara, tó débẹ̀ rárá, ìka á wà lórí iṣan ọrùn ọwọ́, wọ́n á máa fún rọ́bà títí lílù rẹ̀ á fi pòórá. Ìró lè sọnù láàárín, ṣùgbọ́n lílù abẹ́ ìka kì í bá a lọ. Nọ́ńbà ibi tó ti pòórá ni wọ́n á fi sọ́kàn, wọ́n á tú afẹ́fẹ́ jáde tán, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á wá fún un fi 30 lé nọ́ńbà yẹn. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ á máa jáde ní 2 sí 3 mmHg (òṣùwọ̀n ìfúnpá) ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọkàn tó ń lù ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan ń lù lẹ́ẹ̀kan péré ní ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà bí afẹ́fẹ́ bá ń já lọ ní 10, nọ́ńbà òkè á kéré ju bó ṣe yẹ, ti ìsàlẹ̀ á ga jù.

Kọ́ọ̀fù tó kéré fún apá ń gbé nọ́ńbà ga. Àpò rọ́bà inú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ yẹ kó yí nǹkan bí 80 nínú 100 apá náà ká. Apá tó rọ̀ sísàlẹ̀ ọkàn, ẹsẹ̀ tó kọjá lórí ara wọn, ọ̀rọ̀ sísọ àti ìtọ̀ tó ń gbọ̀n aláìsàn náà ń gbé e ga. Ìlà ojú ẹ̀rọ jẹ́ méjì-méjì, fún ìdí yìí, bí olùkọ́ bá rí 125 nínú ìwé, ó mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà fojú bù ú ni.

Àléébù ètò yìí ni pé ara wọn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dánra wò. Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, iṣan wọn rọ̀, ìfúnpá wọn kì í sábà jìnnà sí 110 tàbí 120. Èèyàn lè wọn apá bẹ́ẹ̀ títí kó má gbọ́ ìdákẹ́ àárín yẹn rí. Á wá máa rò pé bí òun bá ti fún rọ́bà dé 150, ó ti tó. Ìgbésẹ̀ fífi ìka wá iṣan á dà bí àṣejù lójú rẹ̀, òun náà ni á sì kọ́kọ́ fò nígbà tí èrò bá kún wọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ oníbátìrì kò lè gbà á sílẹ̀, torí gbígbọ̀n afẹ́fẹ́ ni òun ń kà, ó sì máa ń ṣìnà lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège.

Stethoscope kan wà tó ní ohun ìfetígbọ́ fún ẹni méjì, tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè fi jọ gbọ́ ìró kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru kí PTS tó parí, kí wọ́n sì jókòó ti àwọn àgbà tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Kí kálukú kọ iye tirẹ̀ láìwo ti ẹnì kejì. Bí ìyàtọ̀ bá ju 4 mmHg lọ, kí wọ́n tú kọ́ọ̀fù, kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kí wọ́n tún un wọ̀n.