Kí Newton tó dé: ibi tí ìmọ̀ ìwúwo àti ìdúró déédéé ti ṣẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀

Èrò tó gbòde ni pé àwọn òyìnbó oníwàásù ló kó ìmọ̀ nípa agbára, ìwúwo àti ìdúró déédéé wá sí Ilé-Ifẹ̀, nínú àpótí kan náà tí wọ́n kó Bíbélì àti ṣọ́ọ̀kì sí. Èmi ò gbà. Àkọ́kọ́, Ọọ̀ni Adéṣọjí Adérẹ̀mí ló dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Odùduwà, ilé ìwé sẹ́kọ́ńdírì ní Ifẹ̀, sílẹ̀ ní 1932, kì í ṣe òyìnbó kankan. Èkejì, èyí tó sì ṣe pàtàkì jù, ilé ìwé kọ́ wa ní orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan náà àti bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ sórí bébà ni. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní Ifẹ̀ Oòdáyé láti ìgbà ìwásẹ̀, ó sì dúró síbi tí gbogbo ayé ti lè rí i: òpá Ọ̀rànmíyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibẹ̀ mọ bó ṣe rí. Òkúta gíràníìtì kan ṣoṣo ni, ó ga tó mítà 5.5, àyíká ìdí rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 1.2. Ó ń tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe ń lọ sókè, ìṣó irin sì wà lára rẹ̀, 123 ni iye tí wọ́n máa ń kà. Gíràníìtì tó bá ga ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì nípọn ní mítà kan máa ń wúwo tó tọ́ọ̀nù 2.7. Bí ẹ bá ti ibẹ̀ ṣírò, tí ẹ sì yọ ti òkè rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò, òpá náà kò ní dín sí tọ́ọ̀nù kan. Ẹ jẹ́ ká fi kílò 1,200 ṣe ìṣirò tiwa, láìka èyí tó wà nínú ilẹ̀. Kò sí jáàkì nígbà náà, kò sí kireni. Ta ló gbé e dúró?

Ìtàn ní ìdáhùn tirẹ̀. Jagunjagun ni Ọ̀rànmíyàn. Nígbà tó darúgbó, ó sọ fún àwọn ará Ifẹ̀ pé òun ń wọlẹ̀ lọ, bí ogun bá dé kí wọ́n ké sí òun. Wọ́n ké sí i nígbà tí kò sí ogun, ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn èèyàn rẹ̀ láìmọ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó ri òpá ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní òun ò tún ní jáde mọ́, òpá náà sì di òkúta. Èmi ò ní bá ìtàn yìí jà, ọmọ Ifẹ̀ ni mí. Ẹ ṣáà kíyè sí i pé nínú ìtàn náà gan-an, rírì ni wọ́n ri òpá náà mọ́lẹ̀, wọn ò gbé e lé ilẹ̀ lásán. Ẹni tó pa ìtàn yẹn mọ̀ pé ohun tó ga, tí ìdí rẹ̀ kò sì fẹ̀, kò lè dúró pẹ́ àfi kó ní ẹsẹ̀ nínú ilẹ̀.

Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣe pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, náà kọ̀wé nípa òkúta yìí. Ó ka ìṣó 61 ní àárín, ó ka 31 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún kíkà náà. Ṣùgbọ́n ó tún ní òun rí lẹ́tà àtijọ́ ti àwọn ará Ìlà Oòrùn lára rẹ̀, bí ẹni pé dandan ni kí ọlọ́gbọ́n Ifẹ̀ ti ibòmíràn wá. Ti Leo Frobenius, ará Jámánì tó dé Ifẹ̀ ní 1910, tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní àwọn ará Atlantis, ilẹ̀ inú àròsọ àwọn Gíríìkì, ló ṣe iṣẹ́ ọnà wa. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe.

Èyí tí mo gbà nìyí. Wọ́n kọ́kọ́ ní láti gbé orí òkúta náà kúrò nílẹ̀. Bí nǹkan gbọọrọ tó dọ́gba lórí-nídìí bá dùbúlẹ̀, tí o sì gbé orí rẹ̀ kan, ilẹ̀ ṣì ń bá ọ gbé orí kejì, ìdajì ìwúwo rẹ̀ ló máa bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Òpá Ọ̀rànmíyàn kò dọ́gba, orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìwúwo rẹ̀ pọ̀ sápá ìdí, nítorí náà ẹni tó gbé orí kò ní gbé tó kílò 600. Ẹ wá ki igi líle bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ ti òkúta kékeré sábẹ́ igi náà, kí ó ku ìdajì mítà sí apá òkúta ńlá, kí mítà mẹ́ta wà lápá ọwọ́ yín. Ìlọ́po mẹ́fà nìyẹn. Ẹni tó bá tẹ ìdí igi mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwúwo kílò 100 ti gbé kílò 600 nìyẹn, géńdé méjì sì tó o ṣe. Àwọn tó ń fi dígà hú òkúta lóko ń ṣe é lónìí, wọn ò dúró de ìwé ẹ̀rí.

Wọ́n tún ní láti wọ́ ọ láti ibi tí wọ́n ti gé e. Igi róbótó lábẹ́ rẹ̀ ni mo gbà pé wọ́n lò, tàbí kí wọ́n dúró de òjò. Àwọn kan á ní a rí i kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Íjíbítì ni, nítorí pé àwòrán kan wà nínú ibojì Djehutihotep, ìjòyè wọn kan láyé àtijọ́, níbi tí ẹnì kan ti ń da omi síwájú ère ńlá tí wọ́n ń wọ́. Lóòótọ́ ni, ní 2014 àwọn onífísíìsì kan ní Amsterdam fi hàn pé bí yanrìn bá tutù níwọ̀n, agbára tí wọ́n fi ń wọ́ ẹrù lórí rẹ̀ lè dín sí ìdajì. Ó dára. Ẹrẹ̀ Ifẹ̀ kò nílò ará Íjíbítì kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ̀.

Wíwọ́ ti parí, ó ku gbígbé dúró. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan títí tó fi ga, wọ́n sì wọ́ òkúta gorí iyẹ̀pẹ̀ náà, ìdí rẹ̀ síwájú. Gbogbo nǹkan ní ibì kan tí ìwúwo rẹ̀ pé jọ sí. Níwọ̀n ìgbà tí ibẹ̀ kò bá tíì kọjá etí kòtò, òkúta á dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, bí ìdí rẹ̀ tilẹ̀ yọ sí òfìfo. Ní kété tó bá kọjá, ìdí á rì, orí á gbéra fúnra rẹ̀. Wọ́n á wá so okùn mọ́ orí lókè téńté, nítorí bí okùn bá ṣe jìnnà sí ìdí tó ni agbára tí wọ́n nílò ṣe ń dín kù. Bó bá sì ṣe ń dìde sí i ni ó ń fúyẹ́ sí i lọ́wọ́ àwọn tó ń fà á, títí tó fi dúró ṣánṣán, tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ àti iyẹ̀pẹ̀ kì í nídìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní àsọdùn ni mò ń sọ, pé àwọn baba wa ò lè ronú báyìí, kó lọ wo agùnpẹ. Igbà ló dè mọ́ ìdí àti ọ̀pẹ, ohun mẹ́ta ló sì ń bá ara wọn jà lára rẹ̀: ìwúwo rẹ̀ ń fà á wálẹ̀, igbà ń fà á mọ́ ọ̀pẹ, ọ̀pẹ ń tì í lẹ́sẹ̀ padà. Ohun tí kò jẹ́ kó ṣubú ni bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe di èèpo ọ̀pẹ mú, èyí tí wọ́n ń pè ní fíríkíṣọ̀n nílé ìwé. Bó bá ṣe fẹ̀yìn sínú igbà tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń tẹ ọ̀pẹ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni èèpo ṣe ń dì í mú tó. Ẹni tí ẹ̀rù bà, tó fara mọ́ ọ̀pẹ, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Àwọn agùnpẹ ń kọ́ ọmọ wọn ní ẹ̀kọ́ yìí láìlo bírò. Ó wù mí kí àwọn olùkọ́ wa máa ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, dípò àkàbà tó fara ti ògiri tí wọ́n fi ń dààmú ọmọ ọlọ́mọ.

Mo fẹ́ padà sórí ìṣó, nítorí wọ́n kì í fún un níyì tó. Ìṣó irin kò lè wọ gíràníìtì láìjẹ́ pé wọ́n ti lu ihò sílẹ̀. Ihò yẹn sì gbọ́dọ̀ fún: bó bá tóbi jù, ìṣó á jábọ́, bó bá kéré jù, òkúta á sán. Àwọn tó lè gbẹ́ àpótí ìjókòó láti ara òkúta líle tí wọ́n ń pè ní kúọ́tì, tí Ọọ̀ni Adélẹ́kàn Olúbùṣe Kìíní fún Gómìnà Carter lára rẹ̀ ní 1896, tó sì wà ní Bírítíìṣì Mùsíọ̀mù báyìí, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí ìṣó ṣe ń ti ògiri ihò ni ògiri ihò ń tì í padà. Ìtì yẹn, pẹ̀lú fíríkíṣọ̀n, ló so ó rọ̀ síbẹ̀ láti ayébáyé. Àwọn alágbẹ̀dẹ ló ṣe é, àwọn ọmọ Ògún, Ògún yìí náà ni Ọọ̀ni ń tìtorí rẹ̀ dé adé Arè lọ sí Òkè Mògún, ojúbọ rẹ̀, nígbà ọdún Ọlọ́jọ́. Kò sí ìlú tó mọ iyì irin tó bẹ́ẹ̀ tó máa ṣe aláìmọ agbára tó ń bẹ nínú òòlù. Àwọn ará Iléṣà lè bínú sí gbólóhùn yẹn. Kí wọ́n fi òkúta tiwọn hàn wá.

Ìjì ti wó òpá náà rí, ó fọ́, wọ́n sì tò ó padà. Atẹ́gùn tó bá fẹ́ lu orí nǹkan gíga ń ṣe bí ẹni tó ń tẹ ìdí igi gígùn, ìdí òkúta ló ń jìyà rẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà ò jókòó lásán ṣá. Archimedes ti Syracuse, tó kú ní 212 ṣáájú ìbí Kristi, kọ òfin igi tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sílẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ni, kò dá a sílẹ̀. Galileo wá, ó fi bọ́ọ̀lù tó ń yí lórí pákó tó dagun ṣe ìdánwò. Newton, onísáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó gbogbo rẹ̀ jọ sí òfin mẹ́ta ní 1687, ìkẹta nínú wọn, pé ohun tí o bá tì á tì ọ́ padà, sì ni ọ̀rọ̀ ìṣó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Èyí tó kù kò gùn. Wọ́n dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1962, wọ́n kó wá sí Ifẹ̀ ní 1967, wọ́n sì fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè é ní 1987. Láti ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní 1970, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́: ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn gbogbo èyí, rúlà onímítà kan tí wọ́n gbé lé etí ọ̀bẹ lórí àmì 50 ni àwọn ọmọ Ifẹ̀ ṣì fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìdúró déédéé ní sẹ́kọ́ńdírì.